Kí ló ń gba ohùn lẹ́nu akọrin tí ọ̀fun rẹ̀ kò ní egbò?

Ní òpin àwọn ọdún 1970, Shirley Collins, ọ̀kan lára àwọn gbajúmọ̀ akọrin ìbílẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń kọrin nínú eré orí ìtàgé kan ní National Theatre ní Lọ́ńdọ̀nù. Àsìkò náà gan-an ni ìgbéyàwó rẹ̀ dà rú: ọkọ rẹ̀, tí òun náà jẹ́ olórin, fi í sílẹ̀ nítorí obìnrin mìíràn. Collins ti ṣàlàyé léraléra pé ní alẹ́ kan, òun a la ẹnu, ohùn a jáde. Ní alẹ́ kejì, òun a la ẹnu, nǹkan kan kò ní jáde. Nígbà tó yá, ó fi orin sílẹ̀, ó wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ kí ó tó tún dúró níwájú èrò láti kọrin.

Dysphonia ni àwọn dókítà ń pe irú ìṣòro bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni pé ohùn kò jáde bó ṣe yẹ. Ohun tó ń fà á pọ̀, láti orí ọ̀fìnkìn títí dé orí jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, dókítà yóò wo ọ̀fun náà títí, kò ní rí egbò kankan níbẹ̀.

Báwo ni ìdààmú ọkàn ṣe ń dé inú gògóńgò?

Inú gògóńgò ni tán-án-ná méjèèjì wà. Afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ láti inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń mú wọn gbọ̀n, gbígbọ̀n yìí ló sì ń di ohùn. Bí obìnrin bá ń sọ̀rọ̀ lásán, wọ́n ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 200 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ti ọkùnrin kò ju nǹkan bí ìgbà 120 lọ. Iṣẹ́ ẹlẹgẹ́ ni.

Bí ẹ̀rù bá wá ba ènìyàn, tàbí tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́, ara kì í dúró bó ṣe wà. Èjìká a gbéra sókè, ọrùn àti àgbọ̀n a le, èémí a kúrú, àwọn iṣan tó yí gògóńgò ká a sì fún un pinpin. Ohùn tó bá gba irú ibẹ̀ jáde yóò há. Akọrin tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ a tún bẹ̀rù sí i, a fi agbára kún un, iṣan a sì tún le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ó bá ń fi ipá kọrin bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan, kókó lè yọ sórí tán-án-ná rẹ̀. Ìṣòro tó bẹ̀rẹ̀ láti inú ọkàn ti di ohun tí dókítà lè fi ojú rí nìyẹn.

Àwọn mìíràn wà tí ohùn wọn lọ pátápátá, tó jẹ́ pé kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nìkan ni wọ́n lè sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, bí wọ́n bá wúkọ́ tàbí tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, ohùn a jáde ketekete. Ẹni tí kò mọ̀ lè sọ pé wọ́n ń díbọ́n. Wọn kò díbọ́n rárá. Ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà mọ̀ọ́mọ̀ lo ohùn ló dí. Ikọ́ yẹn gan-an ni onímọ̀ nípa ìtọ́jú ohùn yóò ti bẹ̀rẹ̀: láti orí ikọ́, yóò ní kí aláìsàn pa ẹnu dé kí ó máa kùn bí oyin, lẹ́yìn náà wọn a bọ́ sí ọ̀rọ̀ kéékèèké. Ẹlòmíràn a rí ohùn rẹ̀ gbà padà láàárín ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ohun tó ń bà á nínú jẹ́ bá ṣì wà níbẹ̀, ohùn náà tún lè lọ.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ọ̀rọ̀ ọkàn ni

Ibí yìí ló gba ìṣọ́ra jù. Linda Thompson, akọrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà nígbà kan pé ìmọ̀lára òun ló ń da ohùn òun rú. Lónìí, àwọn onímọ̀ gbà pé àìsàn tó ń ṣe é, tí wọ́n ń pè ní spasmodic dysphonia, ọ̀dọ̀ ọpọlọ ló ti wá. Ní 2024, ó gbé àwo orin tuntun jáde tó jẹ́ pé àwọn ẹlòmíràn ló bá a kọ àwọn orin inú rẹ̀.

Shania Twain ti Kánádà náà rò fún ọdún mélòó kan pé ìbànújẹ́ ló gba ohùn òun, pàápàá nígbà tí ìgbéyàwó rẹ̀ tú ká ní 2008. Ẹ̀yìn náà ló hàn pé eégbọn tó bù ú jẹ ní 2003 ló kó àrùn Lyme sí i lára, àrùn náà ló sì ba iṣan tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ sí tán-án-ná jẹ́. Ó ṣe iṣẹ́ abẹ ní 2018.

Kí ni kí ẹni tí ohùn rẹ̀ há ṣe?

Lọ́dọ̀ tiwa, bí ohùn akọrin bá lọ, àwọn kan a ní ayé ló gbà á, àwọn mìíràn a sì na orógbó sí i. Orógbó kò burú, ṣùgbọ́n kò lè tú iṣan tí ẹ̀rù ti dì. Bí ohùn yín bá há tó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ẹ lọ rí dókítà etí, imú àti ọ̀fun. Ẹ lè rí wọn ní UCH ní Ìbàdàn tàbí ní National Ear Care Centre ní Kaduna. Kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọn yóò fi wo tán-án-ná yín. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wò ó tán ni kí ẹnikẹ́ni tó ó máa sọ̀rọ̀ nípa ọkàn. Ẹ má sì rò pé ìsinmi ni sísọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ jẹ́ fún ohùn. Ó tún lè ni ọ̀fun lára.

Ní ti Collins, ó kọrin níwájú èrò ní Union Chapel ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2014. Nígbà tí àwo orin rẹ̀, Lodestar, jáde ní 2016, ó ti di ẹni ọdún 81, ohùn rẹ̀ sì ti rẹlẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Inú ilé rẹ̀ ní Lewes ni wọ́n ti gba orin náà sílẹ̀, torí pé ẹ̀rù ṣì ń bà á láti kọrin níwájú àjèjì. Àwo méjì mìíràn ti tẹ̀lé e, ní 2020 àti ní 2023.