Community Exchange System (CES)

Ètò pàṣípààrọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ àti ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láìná owó tí ìjọba ń tẹ̀. Cape Town, ní South Africa, ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 2003. Tim Jenkin ló dá a sílẹ̀, ọkùnrin kan náà tó fi kọ́kọ́rọ́ onígi tó gbẹ́ fúnra rẹ̀ ṣílẹ̀kùn jáde lẹ́wọ̀n Pretoria ní 1979, láyé ìjọba apartheid. Ọ̀dọ̀ LETS, ètò pàṣípààrọ̀ tí Michael Linton dá sílẹ̀ ní Kánádà ní 1983, ni ọgbọ́n rẹ̀ ti wá.

Talent ni wọ́n ń pe owó ètò náà ní Cape Town, àmọ́ kò ṣeé fọwọ́ kàn. Àkọsílẹ̀ lásán ni. Òdo ni àkáǹtì kálukú ti ń bẹ̀rẹ̀. Ká ní kápẹ́ńtà tún ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù onídìrí ṣe ní 200 Talent. Kápẹ́ńtà yóò kọ ọ́ sórí ètò náà, tirẹ̀ á di 200, onídìrí á sì wọ gbèsè 200. Kò pọn dandan kó dirí fún ìyàwó kápẹ́ńtà. Ó lè dirí fún ẹlẹ́fọ̀ọ́ tàbí olùkọ́ dùùrù, gbèsè á sì lọ sílẹ̀. Ibí yìí ló ti yàtọ̀ sí àáró tiwa, níbi tó jẹ́ pé oko ẹni tó bá ọ roko lo gbọ́dọ̀ padà lọ ro. Bí a bá ro gbogbo àkáǹtì pọ̀, òdo náà ni. Kò sí èlé.

Ajẹgbèsè-má-san ni ìṣòro ètò náà, nítorí náà a lè fi òdiwọ̀n sí gbèsè ọmọ ẹgbẹ́.