Buchi Emecheta: Ọmọbìnrin tí ìtàn ìdílé rẹ̀ sọ di òǹkọ̀wé

Ìwé àkọ́kọ́ tí Buchi Emecheta kọ kò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ ìwé nígbà tí ọkọ rẹ̀ dáná sun ún ní London.

Ọmọ ọdún méjìlélógún ni obìnrin náà nígbà tó kó jáde nílé ọkọ, pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin lọ́wọ́ àti oyún ẹ̀karùn-ún nínú. Lọ́dún 1976, ìwé tó jóná náà jáde. The Bride Price ni orúkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ owó orí ló sì dá lé. Ńṣe ló jókòó tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Báwo lèèyàn ṣe ń tún ìwé tó ti di eérú kọ? Ìdáhùn rẹ̀ wà ní Ibusa, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Delta òde òní, níbi tí ọmọdébìnrin yìí ti máa ń jókòó gbọ́ ìtàn àwọn ènìyàn rẹ̀ lábẹ́ òṣùpá.

Ọmọ ibo ni?

Ọjọ́ 21, oṣù Keje, ọdún 1944 ni wọ́n bí Florence Onyebuchi Emecheta sí Èkó. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni bàbá rẹ̀, Jeremy Nwabudinke. Ọmọ Íbò láti Ibusa ni òun àti Alice, ìyá ọmọ náà. Ní èdè Íbò, orúkọ náà Onyebuchi ń béèrè pé, "Ta ni Ọlọ́run?"

Èkó ni ọmọ náà gbọ́njú sí, àmọ́ Ibusa ni wọ́n ń pè ní ilé fún un. Nínú ìwé Second-Class Citizen, tó fi ọ̀pọ̀ ìrírí ara rẹ̀ kọ, Adah tí ìtàn náà dá lé kì í yé gbọ́ orúkọ ìlú yìí lẹ́nu àwọn òbí rẹ̀.

Tí wọ́n bá lọ sí Ibusa, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, tó ń pè ní Ìyá Ńlá, yóò kó àwọn ọmọdé jọ, yóò máa sọ ìtàn fún wọn. Ẹni tí ìyá àgbà bá pàlọ́ fún rí yóò mọ irú ìjókòó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àlọ́ nìkan ni Ìyá Ńlá ń pa. Ó tún ń sọ ìtàn àwọn tó bí wọn àti ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Emecheta sọ nígbà tó dàgbà pé láti kékeré lòun ti pinnu pé òun yóò di asọ̀tàn bíi tirẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló kọ́kọ́ lọ sílé ìwé

Èyí kò rọrùn fún ọmọbìnrin nígbà náà. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n kọ́kọ́ fi sílé ìwé, òun sì wà nílé títí tó fi bẹ àwọn òbí rẹ̀.

Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, àbúrò olóògbé ṣú ìyá rẹ̀ lópó. Ọmọ náà dúró sí Èkó lọ́dọ̀ àwọn ẹbí, ó sì gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ sí Methodist Girls' High School ní Yaba.

Ó sọ nínú kíláàsì lọ́jọ́ kan pé òǹkọ̀wé lòun fẹ́ dà. Ìgbéraga ni olùkọ́ rẹ̀ ka èyí sí, ó ní kó lọ tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí wọ́n ti fẹ́ ẹ sọ́nà, ó sì relé ọkọ lọ́dún 1960, ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ní 1962, ó gbé ọmọ méjì lọ bá ọkọ rẹ̀ ní London.

Ìyá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tà

Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá nínú ìtàn ìdílé rẹ̀ ló dùn. Ìwé The Slave Girl, tó jáde ní 1977, sọ ìtàn Ojebeta, ọmọ tí àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918 pa òbí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wá tà á fún ìbátan wọn kan ní Onitsha, kó lè rówó ra gèlè sílíìkì tó fẹ́ fi jó níbi ayẹyẹ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ìtàn ìyá Emecheta gan-an ni. Ìyá náà padà sí Ibusa nígbà tó yá, ó sì dárí ji ẹ̀gbọ́n tó tà á. Ṣùgbọ́n níparí ìwé náà, ọkọ Ojebeta ló san owó fún ìdílé tó rà á, kó tó bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣé ó wá dòmìnira ni, àbí olówó rẹ̀ ló kàn yí padà? Ìbéèrè yìí ni Emecheta fi sílẹ̀ fún òǹkàwé.

Ọmọ tí wọ́n fẹ́ sọ́nà ní ọdún mọ́kànlá mọ ìdí tí ìbéèrè náà fi kàn án. Ó fẹ́ràn Ibusa, síbẹ̀ kò fi ìyẹn bo ohun tí ojú ìyá rẹ̀ rí mọ́lẹ̀.

Kó tó di pé àwọn ọmọ jí

Ní London, òun nìkan ló ń tọ́ ọmọ márùn-ún. Ó ń ṣiṣẹ́, ó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa àwùjọ ní Yunifásítì London, ìdájí ló sì fi ń kọ̀wé kí àwọn ọmọ tó jí. Ìwé In the Ditch jáde ní 1972, The Joys of Motherhood sì tẹ̀ lé e ní 1979. Ìwé tó kọ lé ní ogún. Ní 2005, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè OBE dá a lọ́lá.

Ọjọ́ 25, oṣù Kínní, ọdún 2017 ló jáde láyé ní London, lẹ́ni ọdún méjìléláàádọ́rin.

Àwọn ọmọ tó jókòó yí i ká nìkan ni Ìyá Ńlá lè sọ̀tàn fún. Lónìí, ẹni tí kò dé Ibusa rí lè ka ìtàn ọmọ tí wọ́n tà nítorí gèlè, kó sì mọ̀ pé ọmọ tí obìnrin náà bí ló kọ ọ́.