Wíwọn ìtànká áńtẹ́nà ní pápá ìtòsí

Wíwọn ìtànká áńtẹ́nà ní pápá ìtòsí jẹ́ ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń gbà wọn ìgbì rédíò nítòsí áńtẹ́nà, tí wọ́n sì ń fi ìṣirò mọ bí ìgbì náà yóò ti rí ní ọ̀nà jíjìn.

Ìrísí ìtànká kì í dúró sójú kan títí ìgbì yóò fi rìn tó nǹkan bí 2D²/λ, níbi tí D ti jẹ́ fífẹ̀ áńtẹ́nà, tí λ sì jẹ́ gígùn ìgbì. Fún áńtẹ́nà tí ó fẹ̀ ní mítà 1 tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí 30 GHz, èyí jẹ́ 200 mítà. Ṣàṣà ni yàrá ìwádìí tí ó gùn tó bẹ́ẹ̀. Dípò èyí, áńtẹ́nà kékeré kan, ìyẹn atọ́wò, ni a ń gbé kiri níwájú áńtẹ́nà náà, lójú títẹ́, lójú tí ó yípo bí agolo, tàbí lójú tí ó rí roboto bíi bọ́ọ̀lù. Lójú títẹ́, àlàfo láàárín ibi ìwọ̀n kan sí èkejì kò gbọdọ̀ ju ìdajì gígùn ìgbì lọ. Ní ibi kọ̀ọ̀kan, a ń wọn agbára ìgbì àti féèsì rẹ̀, ìyẹn ibi tí ìgbì dé nínú yíyípo rẹ̀. Láìsí féèsì, ìyípadà Fourier tí a fi ń ṣírò ọ̀nà jíjìn kò ṣeé ṣe tààrà. A tún gbọ́dọ̀ yọ ipa atọ́wò fúnra rẹ̀ kúrò. Ìwé tí David Kerns ti National Bureau of Standards ní Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní 1981 wà lára ìpìlẹ̀ ìmọ̀ yìí.

Ìgbì tí ó ru ìròyìn

Bí ìgbì kò bá ru ìròyìn, iṣẹ́ náà rọrùn: ẹ̀rọ ìwọ̀n ni ó ń pèsè ìgbì náà, ó sì mọ féèsì rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ áńtẹ́nà 5G, ẹ̀rọ afọ́nìgbì wà lára áńtẹ́nà gan-an, kò sì sí ibi tí a lè so wáyà mọ́. Ìròyìn ń yí agbára àti féèsì padà láìdúró. Bí ìwọ̀n ibi méjì bá yàtọ̀ síra, a kò lè mọ̀ bóyá ipò atọ́wò ni ó fà á tàbí ìròyìn.

Àtúnṣe rẹ̀ ni áńtẹ́nà kejì tí kì í kúrò lójú kan. Òun àti atọ́wò ń gba ìgbì lẹ́ẹ̀kan náà. A ó pín ohun tí wọ́n gbà sí fíríkúẹ́ńsì kọ̀ọ̀kan, a ó sì fi ti atọ́wò wé ti adúrólójúkan. Ìròyìn kan náà ni ó wà nínú méjèèjì, nítorí náà ó ń pa ara rẹ́, ìyàtọ̀ tí ipò mú wá ni ó sì ń ṣẹ́kù. A máa ń ṣe àròpín ọ̀pọ̀ ìwọ̀n kí ariwo lè dín kù. Bí a bá gbé adúrólójúkan síbi tí ìgbì kò ti lágbára, ariwo rẹ̀ yóò ba gbogbo ìwọ̀n jẹ́. Bákan náà, áńtẹ́nà tí ó lè darí ìtànsán rẹ̀ gbọ́dọ̀ dojú kọ ìhà kan ṣoṣo títí ìwọ̀n yóò fi parí. Bí ó bá yí ojú padà láàárín iṣẹ́, ohun tí adúrólójúkan ń gbà yóò yí padà pẹ̀lú, ìfiwéra náà yóò sì bàjẹ́.