Ajalèlókun àti Ẹni Tó Ń Gbẹrù Sílẹ̀

Àwọn àgbà ní ẹni tó gbépo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ ìdí tí ìtàn fi pe ajalèlókun kan ní akọni, tó sì yẹgi fún èkejì, kó má wo ẹni tó gun àjà nìkan. Kó wo ìsàlẹ̀, níbi tí ẹnìkan ti tẹ́wọ́. Ọwọ́ tó gba ẹrù ló pín iṣẹ́ yìí sí oríṣiríṣi.

Ní oṣù kẹta ọdún 1579, Francis Drake dá ọkọ̀ Sípéènì kan lọ́nà lórí Òkun Pàsífíìkì, ó sì kó fàdákà inú rẹ̀ lọ. Ó di 1585 kí ogun tó bẹ́ ní gbangba láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Sípéènì. Olè ni Drake lójú àwọn Sípéènì, ṣùgbọ́n Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní jẹ nínú èrè ìrìn àjò náà, wọ́n sì fi oyè dá Drake lọ́lá lórí ọkọ̀ rẹ̀ gan-an ní 1581. Henry Morgan kó ìlú Panama tó wà lọ́wọ́ Sípéènì ní 1671, lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Sípéènì ti fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà. Igbákejì gómìnà Jamaica ló padà dà. Ti William Kidd kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé àṣẹ ọba láti mú ọkọ̀ àwọn Faransé ọ̀tá wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ìjòyè ńlá ló sì dáwó fún ìrìn àjò rẹ̀ ní 1696. Nígbà tí ọkọ̀ Quedagh Merchant tó mú ní 1698 bí ìjọba Mughal ní Íńdíà nínú sí àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó rán an níṣẹ́ yọwọ́. Ìwé Faransé tó bá nínú ọkọ̀ náà, èyí tó fẹ́ fi gbèjà ara rẹ̀, kò dé iwájú adájọ́. Wọ́n yẹgi fún un ní London ní 1701. Èmi kò pè é ní aláìlẹ́bi o, nítorí ó pa ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ló jẹ́jọ́ ìrìn àjò tí ọ̀pọ̀ èèyàn pawọ́ pọ̀ rán.

Ẹnìkan lè sọ pé òfin ogun ló fàyè gba irú ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀, títí Àdéhùn Paris ti 1856 fi fòpin sí i. Òótọ́ ni, àmọ́ òfin ogun kò bo ẹni tó kó ẹrù nígbà tí a kò kéde ogun. Àtakò tó le jù ni ti ajalèlókun Bartholomew Roberts, tí kò ní ọba kankan lẹ́yìn. Ní oṣù kìíní ọdún 1722, ó mú ọkọ̀ 11 ní Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní, ó ní kí wọ́n fi wúrà ra ara wọn padà. Ọ̀gá ọkọ̀ Porcupine kọ̀. Wọ́n dáná sun ọkọ̀ náà pẹ̀lú nǹkan bí 80 ẹrú tí wọ́n fi ṣẹkẹṣẹkẹ̀ dè sínú rẹ̀. Kò sí ohun tó lè wẹ ẹ̀jẹ̀ wọn kúrò lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Roberts. Síbẹ̀, ta ló de wọ́n? Ènìyàn tí a jí gbé ni wọ́n, àwọn tó sì ń dúró láti gbà wọ́n lókè òkun ni òfin ń pè ní olókòwò.

Ní oṣù kejì, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Chaloner Ogle ń darí pa Roberts nítòsí Cape Lopez. Wọ́n yẹgi fún 52 nínú àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ní Cape Coast, níbi tí àjà ilẹ̀ tí wọ́n ń kó ẹrú pamọ́ sí wà lábẹ́ odi. Ọba fi oyè dá Ogle lọ́lá. Àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bá nínú ọkọ̀ Roberts, wọ́n tà wọ́n sóko ẹrú.