Ìjókòó Agége àti Àga Aláúsá: Mudaṣiru Ọbasá nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó, 2007 sí 2025

Ní ọdún 2007 ni Mudaṣiru Ọbasá kọ́kọ́ wọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó láti ṣojú Agbègbè Ìdìbò Kìíní Agége. Wọ́n tún un yàn ní 2011, 2015, 2019 àti 2023. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2015 ni ó ti wà lórí àga Abẹnugan, àfi fún ọ̀sẹ̀ méje péré ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025. Ọ̀sẹ̀ méje yìí gan-an ni ó mú wa kọ àpilẹ̀kọ yìí. Èrò wa ni pé ìjókòó aṣòfin àti àga Abẹnugan kì í ṣe ohun kan náà: láti Agége ni èkíní ti wá, ibòmíràn ni orísun èkejì.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú ìlú tí Agége jẹ́. Oko kòkó àti obì ni ó sọ ọ́ di olókìkí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ọkọ̀ ojú irin sì ni ó ń gbé obì náà lọ sí Òkè Ọya. Títí di 1967 tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ni Agége àti Ìkẹjà wà. Ìbàdàn ni aṣojú wọn ti ń jókòó. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn yìí kan náà ni ó la ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ ńláńlá sílẹ̀ ní Ìkẹjà. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí níbẹ̀ ní 1962, Dunlop sì ń ṣe táyà. Àwọn òṣìṣẹ́ gba yàrá sí Agége, oko sì di àdúgbò. Ṣùgbọ́n ní 2008, ọdún kan lẹ́yìn tí Ọbasá wọ Ilé, Dunlop ṣíwọ́ táyà ṣíṣe. Níbi tí iṣẹ́ bá ti ń wọ́n báyìí, ní tiwa, ẹgbẹ́ òṣèlú a máa gba ipò tí ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti dì mú tẹ́lẹ̀.

Inú wọ́ọ̀dù ni Ọbasá ti gòkè. Agége ni a bí i sí ní 1972. Ó ṣe kánsẹ́lọ̀ níbẹ̀ láti 1999 sí 2002 lábẹ́ ẹgbẹ́ AD, ó sì gba oyè nínú ìmọ̀ òfin ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní 2006. AD lọ, AC dé; AC di ACN, ACN wọ inú APC. Orúkọ ni ó ń yí, àwọn àgbà tí ó wà nídìí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí.

Gẹ́gẹ́ bí Abẹnugan, iṣẹ́ rẹ̀ kò kéré. Ní 2016 ni òfin tí ó de àwọn ajagungbalẹ̀ jáde, ohun tí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀ yóò mọ ìwúlò rẹ̀. Ní 2018 ni Gómìnà Ambode fọwọ́ sí òfin tí ó sọ ẹ̀kọ́ Yorùbá di dandan ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àti ti aládàáni. (Kí a má gba ẹ̀yẹ tí kì í ṣe tirẹ̀ fún un: wọ́n ti ń fi Yorùbá jókòó nínú Ilé kí ó tó di Abẹnugan.) Ilé náà kò sì bẹ̀rù gómìnà. Ní oṣù Kìíní 2019, wọ́n fún Ambode ní ọ̀sẹ̀ kan kí ó wá sọ tẹnu rẹ̀ lórí ètò ìnáwó, títí àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ fi pẹ̀tù sí i. Ní oṣù Kẹjọ 2023, wọ́n dá 17 padà nínú orúkọ 39 tí Gómìnà Sanwó-Olú fi ránṣẹ́ pé kí wọ́n di kọmíṣọ́nnà.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní 2025, nígbà tí Ọbasá wà lẹ́yìn odi, àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ yọ ọ́. Wọ́n fi ẹ̀sùn ìwà àìtọ́ àti ìnáwó kàn án. Ó ní òun kò jẹ̀bi, ó sì gba ilé-ẹjọ́ lọ. Mojísọlá Meranda láti Àpápá, igbákejì rẹ̀, gorí àga. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò jẹ́ Abẹnugan ní Èkó. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní 2005 Ilé yọ Jókòótọlá Pelumi, Adéyẹmí Ìkúforíjì rọ́pò rẹ̀, Pelumi kò sì padà sórí àga. Kí ni ó wá mú ti Ọbasá yàtọ̀?

Ìwé òfin kò lè dáhùn. Ìpín 92 òfin Nàìjíríà ọdún 1999 béèrè ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọmọ Ilé kí a tó lè yọ Abẹnugan. Nínú Ilé ẹlẹ́ni 40, ènìyàn 27 nìyẹn. Òfin náà kò dárúkọ àgbààgbà ẹgbẹ́ kankan. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ìgbìmọ̀ àwọn àgbà tí a mọ̀ sí GAC àti àwọn aṣáájú APC, àwọn ni wọ́n sì wá ojútùú sí i. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì, Ọbasá wọ Aláúsá, ó sì darí ìjókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ Ilé díẹ̀. Agége kò kópa nínú èyí: ìjókòó tí wọ́n fún un kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí, kò sì sí ìbò tí wọ́n lè dì níbẹ̀ tí yóò dá àga padà fún un. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, Meranda kọ̀wé fi ipò sílẹ̀. Ilé tí ó yọ Ọbasá ní oṣù Kìíní náà ni ó tún un yàn, Meranda sì padà sí ipò igbákejì.