Kí Ọmọ Má Fi Ilé Ìwé Sílẹ̀ Láàárín Ọ̀nà: Ìtàn fún Àwa Òbí ní Lọ́kọ́jà

Nínú ìwé ìrántí wa yìí, ìtàn ìlú tí a ti wá, ìtàn oyè àti ti àwọn àgbà tó kọ́kọ́ tẹ̀dó sí Lọ́kọ́jà ni a sábà máa ń kà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n lo àyè tèmi lọ́dún yìí fún ìtàn mìíràn tó kan gbogbo ilé: ìtàn ọmọ tó wọ sẹ́kọ́ńdírì, tí ìwé wá le fún un, tí kò sì parí. A mọ̀ wọ́n. Wọ́n ń gun ọ̀kadà ní Ganaja, wọ́n ń ru ẹrù ní ọjà Kpata, àwọn mìíràn sì jókòó sílé lásán. Bí a bá bi òbí wọn, èsì kan náà ni a ó gbọ́: “Orí rẹ̀ kò gba ìwé.” Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ fi ìtàn yẹ̀ wò, nítorí kò dá mi lójú pé orí àwọn ọmọ náà ló jẹ̀bi.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ìlú tí a wà yìí. Ní ọdún 1865 ni ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Holy Trinity bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́kọ́jà, nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ń darí iṣẹ́ ìjọ rẹ̀ lójú odò Ọya. Ọmọ Òṣogùn ni Crowther. Ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú. Ní 1822 ni ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n gbé e lọ sí Sàró. Ọmọ bí ọdún mẹ́tàlá ni nígbà náà, kò sì mọ ìwé rárá. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá wa lónìí ti yẹ kó wà ní JSS 2 tàbí JSS 3. Bí wọ́n bá mú irú Àjàyí bẹ́ẹ̀ wá sí ilé ìwé kan ní Adankolo ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, wọn yóò ní ó ti dàgbà jù, kí ó lọ kọ́ṣẹ́. Síbẹ̀ ní 1827, ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ó ti wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay. Ó ní làákàyè, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn tún jókòó tì í, wọ́n kọ́ ọ láti ibi tó wà gan-an, wọn kò bá a jà pé ó ti pẹ́.

Nígbà tó di ayé àwọn bàbá wa, ìtàn tí gbogbo wa mọ̀ ṣẹlẹ̀. Olóyè S. O. Awókọ́yà gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀ ní 1952, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955. Iye ọmọ tó wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 sí nǹkan bí 811,000 lọ́dún 1955. Ohun tí a kì í sábà sọ ni pé pírámárì nìkan ni ọ̀fẹ́ náà dé. Lẹ́yìn pírámárì 6, ọmọ yóò ṣe ìdánwò, bàbá rẹ̀ yóò sì wá owó. Gírámà kò tó nǹkan nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ ni kò sì ríbi wọ̀. Fún irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni ìjọba ṣe dá Modern School sílẹ̀, ọlọ́dún mẹ́ta, tí òbí ń sanwó rẹ̀. Àwọn kan máa ń fi Modern School ṣe yẹ̀yẹ́ pé ibẹ̀ ni àwọn tó fìdí rẹmi ń lọ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ẹlòmíràn ti wọ ilé ìwé olùkọ́ni Grade III, tó di tíṣà, tó tún ń ka ìwé lálẹ́ títí ó fi gba GCE. Bí ẹ bá bi àwọn tíṣà wa tó ti fẹ̀yìn tì, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Nígbà tí wọ́n kásẹ̀ Modern School nílẹ̀, ẹni tó ṣubú kò tún ní ibi tí yóò fara tì.

Àwa tí a wà ní Lọ́kọ́jà, ọ̀fẹ́ 1955 kò kàn wá. Abẹ́ ìjọba Àríwá, ní Ẹkùn Kabba, ni ìlú yìí wà. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kàwé yóò sanwó, tàbí kí ó fi ọmọ ránṣẹ́ sílé sọ́dọ̀ ìyá àgbà. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1976, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ UPE, ni pírámárì ọ̀fẹ́ tó kárí gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà, nígbà tí a wà nínú Ìpínlẹ̀ Kwara. Ní 1979 ẹ̀wẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹgbẹ́ UPN ń ṣàkóso sọ sẹ́kọ́ńdírì di ọ̀fẹ́. Kwara kò sí lára wọn. Ni àwọn òbí bá tún ń kó ọmọ lọ sí Ọ̀yọ́ àti Oǹdó. Ọmọ tó ti fi ọdún mẹ́fà kàwé láàárín àwọn Nupe, Ígálà àti Ẹbira yóò wá bá ara rẹ̀ nílé ẹ̀gbọ́n bàbá tí kò mọ̀ rí, nínú kíláàsì tí èrò ti kún. Bí ìwé bá le fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ta ni yóò sọ fún?

Ètò 6-3-3-4 dé ní 1982. Lórí ìwé, mo rò pé òun ló dára jù nínú gbogbo wọn, nítorí ó gbà pé gbogbo ọmọ kò rí bákan náà. Lẹ́yìn JSS 3, ẹni tí ìwé yá lára yóò wọ SS, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ yóò lọ sí tẹ́kíníkà. Ìjọba ra ẹ̀rọ Intro Tech láti òkè òkun. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé, inú àpótí ni ẹ̀rọ náà jókòó sí: kò sí iná, kò sí ilé tí wọn yóò tò ó sí, kò sí tíṣà tó mọ̀ ọ́n lò. Báyìí ni gbogbo ọmọ ṣe ń tò wọ SS 1, ẹni tó tẹ̀wọ̀n àti ẹni tí kò tẹ̀wọ̀n.

SS 1 yìí gan-an ni kí a ṣọ́. Òfin ẹ̀kọ́ UBE ti 2004 fi ọdún mẹ́sàn-án ṣe dandan, láti pírámárì 1 dé JSS 3, ó sì di ẹ̀bi òbí tí ọmọ rẹ̀ kò bá parí rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, òfin kò fi dandan mú ọmọ mọ́. Ìgbà yẹn náà ni iṣẹ́ ń le sí i, tí físíìsì àti kẹ́mísírì ń dé, tí ọmọ sì ti tó ẹni tí ń rówó díẹ̀ lójú títì. Ní ẹnu iṣẹ́ ìjọba tí mo wà, mo ti rí i bí fọ́ọ̀mù ìgbanisíṣẹ́ ṣe rí. Ọdún méjì tí ọmọ lò ní SS kò ní àyè nínú rẹ̀. Èsì WAEC tàbí NECO ni wọ́n ń béèrè.

Ẹ wá jẹ́ kí á padà sórí “orí rẹ̀ kò gba ìwé.” Láti 1970 sí 1978, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ṣe àyẹ̀wò ńlá kan, ilé ìwé St. Stephen's “A” ní Mọ́dákẹ́kẹ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, tíṣà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn yòókù ṣe é bí a ti ń ṣe é níbi gbogbo: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì fún mẹ́ta tó kù. Àwọn tó fi Yorùbá kàwé ló ṣe dáadáa jù, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ọmọ agbègbè kan náà ni gbogbo wọn, orí kan náà. Èdè tí wọ́n fi là á yé wọn ló yàtọ̀.

Ẹ ó ní kí ni ọ̀rọ̀ pírámárì ní í ṣe pẹ̀lú SS 1. Ọmọ tí kò mọ ìdá nínú odidi ní pírámárì 4, tó kàn há a sórí, òun náà ni áljébírà yóò ṣẹ́gun ní SS 1. Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní pírámárì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Túnjí Àlàúsá, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, ó sì so ọ̀rọ̀ náà mọ́ bí àwọn ọmọ ṣe ń fìdí rẹmi nínú WAEC, NECO àti JAMB. Mo bọ̀wọ̀ fún ipò wọn, ṣùgbọ́n ohun tí Ifẹ̀ rí kò bá èyí mu. Fún àwa níbí, mo gbà pé ilé ìwé Lọ́kọ́jà kò lè fi Yorùbá nìkan kọ́ kíláàsì tí ọmọ ẹ̀yà márùn-ún jókòó sí. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ wa ni àlàyé náà ti gbọ́dọ̀ wá.

Ohun kan tún wà tí ń lé ọmọ jáde: ìsinmi tí kò tọ́jọ́. Omíyalé 2012 àti ti 2022 lé ìdílé púpọ̀ kúrò nílé létí odò níbí. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, àrùn kòrónà ti ilé ìwé pa. Oṣù kẹjọ ni WAEC tó wáyé. Ọmọ tó mọ̀wé padà. Ẹni tó ti ń rún ìwé mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí àyè sá, ojú sì ń tì í láti padà wá jókòó pẹ̀lú ẹgbẹ́ àbúrò rẹ̀. Orúkọ “olódo” tí a ń pè é nílé kò ràn án lọ́wọ́.

Kì í ṣe pé ọ̀nà ti dí pa o. Ẹni tí kò yege nínú WAEC ilé ìwé lè ṣe ti aládàáni. NECO wà láti 1999, NABTEB wà láti 1992 fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, àwọn yunifásítì púpọ̀ sì ń gba èsì ìjókòó méjì. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù nìkan kì í kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Ẹgbẹ́ Ọmọ Ìbílẹ̀ Ọ̀fà kò dúró de ìjọba kí wọ́n tó dá Offa Grammar School sílẹ̀ ní 1943, lábẹ́ ìjọba Àríwá kan náà yìí. Àwa kò tó ilé ìwé í dá sílẹ̀. Lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ní gbọ̀ngàn wa kò ju agbára wa lọ: ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì, kí a fi Yorùbá là á yé wọn, kí a sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọmọ dúró sí, bó jẹ́ iṣẹ́ pírámárì 4 ni. A ní tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì láàárín wa.

Mo bẹ òbí tí ọmọ rẹ̀ wà ní JSS 3 tàbí SS 1 pé kí ó mú káàdì èsì ọmọ náà wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, kí ó má fi pamọ́ nítorí ìtìjú. A kò ní kà á sókè. Akọ̀wé àti àwọn tíṣà nìkan ni yóò wò ó, kí wọ́n lè mọ iṣẹ́ tí wọn yóò kọ́kọ́ mú.