Síso Wáyà àti Iná Mànàmáná Mọ́ Ẹ̀rọ Ráútà

Ráútà ni ẹ̀rọ tí ó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì wọlé láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ń pèsè rẹ̀, tí ó sì ń pín in fún àwọn kọ̀ǹpútà àti fóònù tí ó wà nínú ilé tàbí ọ́fíìsì, yálà nípasẹ̀ wáyà tàbí nípasẹ̀ Wi-Fi. Bí ó bá dákẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba, ìyá ọmọ tí ó wọ ọ̀kadà láti abúlé wá gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN fún ọmọ rẹ̀ yóò gbọ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ, yóò sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ohun tí a ti ṣàkíyèsí ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò lọ sí ibì kankan. Wáyà ni a ki bọ ojú ihò tí kì í ṣe tirẹ̀, tàbí kí ó jẹ́ pé iná tí kò bá ẹ̀rọ náà mu ni a fún un.

Kí ẹ tó so ohunkóhun, ẹ wá ibi tí ẹ̀rọ náà yóò wà. Kí ó wà lórí tábìlì tàbí pẹpẹ, kì í ṣe nílẹ̀ níbi tí omi ìfọlẹ̀ ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn kan a máa fi aṣọ ọlọ́nà bò ó bí ẹni bo tẹlifíṣọ̀n. Ó lẹ́wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ooru yóò há mọ́ ọn nínú.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ojú ihò kan máa ń dá yàtọ̀, tí a kọ WAN tàbí Internet sí lára, tí àwọ̀ rẹ̀ kì í sì í sábà bá ti àwọn yòókù dọ́gba. Òun ni ó wà fún wáyà tí ó ń bọ̀ láti ara módẹ́ẹ̀mù tàbí àpótí fáíbà. Àwọn ihò tí a kọ LAN sí, tàbí tí a fi nọ́ńbà ṣàmì sí, ni ti kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Bí a bá ki wáyà tí ń mú íntánẹ́ẹ̀tì wá bọ ihò LAN, orúkọ Wi-Fi lè máa hàn lórí fóònù síbẹ̀, kí ojú ewé kankan má sì ṣí. Àṣìṣe kan tún wà tí ó burú ju ìyẹn lọ: kí a mú wáyà kan ṣoṣo, kí a sì ki orí rẹ̀ méjèèjì bọ ihò LAN ara ẹ̀rọ kan náà. Ìsọfúnni lè bẹ̀rẹ̀ sí í yí po láìdúró, títí gbogbo kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì yóò fi dákẹ́. Ráútà tí ó ń lo káàdì SIM kò nílò wáyà WAN rárá. Kí a ti ki káàdì náà sí i kí a tó tan iná rẹ̀.

Wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní okùn tín-ín-rín mẹ́jọ nínú, tí a lọ́ ní méjì-méjì. Ẹ tì í wọlé títí tí ẹ ó fi gbọ́ ìró kékeré tí ìdè orí rẹ̀ máa ń dún. Bí ìdè náà bá ti kán, ẹ pààrọ̀ orí wáyà náà, nítorí yóò máa yọ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan mọ̀. Kí gígùn rẹ̀ má ṣe ju mítà 100 lọ, kí a má sì dì í pọ̀ mọ́ wáyà iná ilé. Ní ti wáyà fáíbà, inú rẹ̀ gíláàsì ni: ẹ má ṣe ká a kọ́rọkọ̀rọ, ẹ má ṣe fi ọwọ́ kan orí rẹ̀, ẹ má sì ṣe yọjú wo inú rẹ̀, nítorí ìmọ́lẹ̀ tí ń gba inú rẹ̀ kọjá kò ṣeé fi ojú rí, ó sì lè pa ojú lára.

Iná ni ó ń ba ráútà jẹ́ jù lọ lọ́dọ̀ wa. Iná ọba jẹ́ volt 230, ṣùgbọ́n ráútà kò lè gba iye bẹ́ẹ̀. Ádápítọ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ṣájà, ni ó ń sọ ọ́ di kékeré, ó sábà máa ń jẹ́ volt 9 tàbí 12. Ẹnu ádápítọ̀ méjèèjì yìí sì lè rí bákan náà gẹ́lẹ́. A ti rí ọ́fíìsì kan tí ẹni tí ó gbálẹ̀ ti fi ádápítọ̀ ẹ̀rọ mìíràn rọ́pò ti ráútà láìmọ̀. Nígbà tí a ó fi dé ibẹ̀, ẹ̀rọ náà ti jóná. A kò lè dá a lẹ́bi, torí kò sí àmì kankan lára àwọn méjèèjì. Nítorí náà, ẹ ka ohun tí a kọ sí abẹ́ ráútà àti èyí tí a kọ sí ara ádápítọ̀. Iye volt gbọ́dọ̀ bára mu pátápátá. Iye ampere ti ádápítọ̀ lè ju èyí tí ráútà béèrè lọ, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dín sí i. Kí àmì tí ó ń fi hàn bóyá àárín ni ó gba + tàbí − náà jọ ara wọn. Volt 12 lè jó ráútà tí ó ń lo 9; volt 9 sì lè mú kí èyí tí ó ń lo 12 máa kú, kí ó máa jí. Ẹ lẹ bébà mọ́ ádápítọ̀ náà, kí ẹ kọ "ráútà" sí i.

Nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná dé, tàbí tí a bá ń yí kúrò lórí jẹnẹrétọ̀, iná máa ń ga lójijì. Ẹ jẹ́ kí ó rọlẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ tó tan ráútà. Bátìrì kékeré tí a ṣe fún ráútà wà lọ́jà, èyí tí kì í jẹ́ kí ó kú bí iná bá lọ; òun náà gbọ́dọ̀ bá iye volt ẹ̀rọ náà mu.

Tí gbogbo wáyà bá ti wà níbi tí ó yẹ, ẹ kọ́kọ́ tan módẹ́ẹ̀mù tàbí àpótí fáíbà. Ẹ dúró títí iná ara rẹ̀ kò fi ní ṣẹ́jú mọ́, kí ẹ wá tan ráútà, kí ẹ sì fún un ní nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì. Bí iná Internet rẹ̀ bá pupa tàbí tí kò tàn rárá, ẹ padà sí ihò WAN. Ẹ má ṣe fi abẹ́rẹ́ tẹ ihò kékeré tí a kọ Reset sí. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo ètò inú rẹ̀, títí kan ọ̀rọ̀ aṣínà, lè parẹ́.

Bí ààrá bá fẹ́ sán, pípa bọ́tìnnì iná ara ògiri nìkan kò tó. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, kí ẹ sì yọ wáyà bàbà tí ó ń bọ̀ láti òde pẹ̀lú kí òjò tó dé, nítorí ààrá lè gba ara rẹ̀ wọlé. Bí ẹ bá so gbogbo rẹ̀ padà tí kò ṣiṣẹ́, ẹ kọ àwọ̀ iná kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí ẹ tó pe ilé-iṣẹ́ tí ń pèsè íntánẹ́ẹ̀tì yín, nítorí ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ béèrè nìyẹn.